Nígbà Tí Ìlù Ń Kólòlò: Bí A Ṣe Lè Dá Mid-bass Padà Sínú Sípíkà Ilé Wa

Nínú ètò tó kọjá, mo sọ pé sítáǹdì tí mo fi owó gidi rà ló ba béèsì sípíkà mi jẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni o! Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fínnífínní, torí ó ṣeé ṣe kí irú ìṣòro yìí wà ní pálọ̀ tiyín náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi wá kí wa ní Manchester láti Ìbàdàn. Ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún méje, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ àmì ohùn nígbà yẹn: dò, re, mí. Bàbá mi ní kò sí olùkọ́ tó dára tó ìyá ìlù, torí ohùn ọ̀rọ̀ gan-an ló ń tẹ̀ lé. Wọ́n mú gbígbasílẹ̀ kan wá láti ilé. Àbúrò mi tó ń ṣiṣẹ́ gbígba ohùn sílẹ̀ ló gbà á lọ́dọ̀ àyàn kan ní àdúgbò wa. Àyàn náà á pe ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu, á sì fi dùndún pè é: ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀.

Mo gbé e sórí sípíkà mi pẹ̀lú ìgbéraga, torí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ra sítáǹdì irin tuntun fún un ni. Ẹni tó tà á fún mi ní béèsì á pọ̀ sí i. Bàbá mi dijú, wọ́n gbọ́ ọ díẹ̀, wọ́n ní: "Ìlù yìí ń kólòlò. Ta ló gbé ohùn ìsàlẹ̀ rẹ̀ mì?"

Ọmọ mi náà kò gbọ́ ọ. Tí ìlù bá pe "ọkọ̀", ìdajì àkọ́kọ́ nìkan ló ń gbọ́ dáadáa. Ìdajì kejì, níbi tí ohùn ti wálẹ̀, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pòórá. Mo fi earpiece sí etí bàbá mi. Wọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀n-ẹ́n, ó ti ń sọ̀rọ̀ báyìí."

Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé gbígbasílẹ̀ náà kò ní àbùkù. Yàrá mi ló ń jẹ ohùn.

Kí ni mid-bass?

Ohùn jẹ́ afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n. Iye ìgbà tó bá gbọ̀n láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan là ń fi Hz kà. Etí ọ̀dọ́ tó dá ṣáṣá lè gbọ́ láti nǹkan bí 20 Hz títí dé 20,000 Hz. Mid-bass ni apá tó wà láti nǹkan bí 80 Hz sí 300 Hz. Kò sí òfin tó pààlà sí i, ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè bẹ́ẹ̀.

Àwọn ohun pàtàkì wà níbẹ̀. Tí ọkùnrin bá ń sọ̀rọ̀, ìpìlẹ̀ ohùn rẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 85 Hz sí 180 Hz. Ti obìnrin sábà máa ń wà láàárín 165 Hz sí 255 Hz. Okùn tó tín-ín-rín jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin, tí a kò bá tẹ̀ ẹ́, 98 Hz ló ń dún. Béèsì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ló ń mi àyà wa ní ibi àríyá, ṣùgbọ́n mid-bass ló ń fún ohùn ní ara. Tí kò bá sí, ohùn á gbẹ, á dà bí ẹni ń sọ̀rọ̀ nínú agolo.

Ẹ wo sípíkà kékeré kan tí BBC ṣe níbí ní àárín àwọn ọdún 1970, tí wọ́n ń pè ní LS3/5A. Inú ọkọ̀ ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ tí kò láyè ni wọ́n ṣe é fún. Kò lè mú béèsì ìsàlẹ̀ jáde rárá, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ wú díẹ̀ ní apá mid-bass. Ìyẹn wà lára ohun tó jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa sọ pé ohùn rẹ̀ tóbi ju ara rẹ̀ lọ.

Ohùn méjì tó ń pa ara wọn rẹ́

Ohùn ń rin nǹkan bí mítà 343 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan nínú yàrá tó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Tí ẹ bá fi 140 Hz pín in, ẹ ó rí i pé ìgbì kan gùn tó mítà 2.45. Àpótí sípíkà tí ojú rẹ̀ fẹ̀ tó 20 sẹ̀ǹtímítà kò lè darí irú ìgbì gígùn bẹ́ẹ̀ síwájú nìkan. Ńṣe ló máa ń tàn káàkiri bí òórùn ọbẹ̀, iwájú, ẹ̀yìn, òkè àti ìsàlẹ̀.

Apá tó lọ sẹ́yìn á kọlu ògiri, á sì ta padà. Ká ní ojú sípíkà jìnnà sí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ ní 60 sẹ̀ǹtímítà. Ohùn náà á rin 60 lọ, á rin 60 bọ̀, ìyẹn mítà 1.2. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì ìgbì 140 Hz gẹ́lẹ́. Nítorí náà, ìgbà tí ohùn tuntun ń ti afẹ́fẹ́ ni ohùn tó ti ògiri bọ̀ ń fà á. Ọ̀kan ń tì, ọ̀kan ń fà. Wọ́n á pa ara wọn rẹ́. Wọn kì í pa ara wọn tán, torí èyí tó ta padà kì í lágbára tó ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ihò ńlá á wà níbẹ̀.

Ìṣirò rẹ̀ kò le. Ẹ wọn ọ̀nà láti ojú sípíkà dé ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ pẹ̀lú mítà, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin, kí ẹ fi pín 343. Iye tí ẹ bá rí ni ibi tí ihò wà:

- 20 sẹ̀ǹtímítà: nǹkan bí 429 Hz
- 40 sẹ̀ǹtímítà: nǹkan bí 214 Hz
- 60 sẹ̀ǹtímítà: nǹkan bí 143 Hz
- 100 sẹ̀ǹtímítà: nǹkan bí 86 Hz

Kí n tó ra sítáǹdì, orí pẹpẹ tó fara ti ògiri ni sípíkà mi wà. Nígbà tí sítáǹdì dé, mo gbé e wá síwájú kó lè rẹwà, ó sì di 60 sẹ̀ǹtímítà. Mo wá gbé gbígbasílẹ̀ bàbá mi sínú kọ̀ǹpútà. Ohùn ìsàlẹ̀ ìlù náà wà ní nǹkan bí 140 Hz, ti òkè sì wà ní nǹkan bí 250 Hz. Inú ihò gan-an ni dò ìlù náà bọ́ sí! Sítáǹdì kò jẹ̀bi o, ibi tí mo gbé e sí ló jẹ̀bi.

Kí ló dé tó jẹ́ ìlù ló kọ́kọ́ jìyà?

Ẹ lè bi mí pé, kí ló dé tí ohùn àyàn náà kò kólòlò bíi ti ìlù rẹ̀? Ohùn ènìyàn kì í dá jáde. Tí ìpìlẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ 120 Hz, àwọn ohùn kéékèèké á tún bá a jáde ní 240, 360, 480, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ọpọlọ wa mọ ìtò yìí. Tí ìpìlẹ̀ bá sọnù, ọpọlọ á fi àwọn yòókù rò ó, á sì dà bíi pé a gbọ́ ọ. Ìdí nìyẹn tí a fi ń mọ ohùn bàbá wa lórí fóònù kékeré.

Ṣùgbọ́n awọ tó ń gbọ̀n kì í ṣe bí okùn tàbí ọ̀nà ọ̀fun. Àwọn ohùn kéékèèké tí awọ ìlù ń mú jáde kì í sábà tò ní ìlọ́po méjì, ìlọ́po mẹ́ta bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ọpọlọ á wá le sí i. Fún ẹni tó dàgbà sínú èdè, ó lè fi ọgbọ́n orí bò ó. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ dò, re, mí kò ní ohun tí yóò fi bò ó.

Ilẹ̀ náà ń ta ohùn padà

Gíga sítáǹdì ṣe pàtàkì nítorí ilẹ̀. Ká ní woofer wà ní 70 sẹ̀ǹtímítà sókè, etí yín wà ní mítà kan, ẹ sì jókòó ní mítà 2.5 sí sípíkà. Ihò tí ilẹ̀ máa gbẹ́ á wà ní nǹkan bí 340 Hz. Tí ẹ bá gbé woofer dé 90 sẹ̀ǹtímítà, ihò náà á wálẹ̀ sí nǹkan bí 270 Hz. Bí sítáǹdì ṣe ń ga sí i ni ihò ń wọnú mid-bass. Kápẹ́ẹ̀tì lásán kò lè dá a dúró, torí ó tín-ín-rín jù fún ìgbì gígùn.

Ohun tó yẹ ká yẹra fún ni kí ọ̀nà sí ilẹ̀, ọ̀nà sí ògiri ẹ̀yìn àti ọ̀nà sí ògiri ẹ̀gbẹ́ dọ́gba. Tí wọ́n bá dọ́gba, ihò mẹ́ta á para pọ̀ di kòtò kan.

Kí wá ni iṣẹ́ sítáǹdì fúnra rẹ̀? Kó dúró gbọn-in, kó má mì, kó má sì dá ohùn tirẹ̀ kọ. Ẹ fi ìka kan ti sítáǹdì irin tó ṣófo. Tó bá dún gan-an bí agogo, ẹ da yanrìn gbígbẹ sínú rẹ̀, bí ẹni tó ṣe é bá fàyè gbà á. Ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré sí ti ibi tí ẹ gbé e sí.

Bí ẹ ṣe lè tún un ṣe, láìnáwó

Iṣẹ́ sọ́fíwíà ni mo ń ṣe, máàsítà mi náà sì dá lé e. Ẹ̀kọ́ tó wúlò jù tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé: yí ohun kan ṣoṣo padà lẹ́ẹ̀kan, kí o tó fọwọ́ kan òmíràn. Ẹ tẹ̀ lé e báyìí:

1. Ẹ kọ́kọ́ fi earpiece gbọ́ orin náà. Tí béèsì kò bá sí níbẹ̀ náà, orin yẹn ni kò ní in.

2. Ẹ yẹ wáyà wò. Pupa lọ sí pupa, dúdú lọ sí dúdú, lára sípíkà méjèèjì. Tí ẹ bá fi ti ẹyọ kan ṣòdì, ọ̀kan á máa ti afẹ́fẹ́ bí èkejì ṣe ń fà á, béèsì á sì pòórá. Ẹ pa ẹ̀rọ kí ẹ tó fọwọ́ kan wáyà.

3. Ẹ sún sípíkà mọ́ ògiri díẹ̀díẹ̀, sẹ̀ǹtímítà márùn-ún lẹ́ẹ̀kan. Ògiri tó wà nítòsí máa ń ran béèsì lọ́wọ́. Tí ihò atẹ́gùn bá wà lẹ́yìn sípíkà yín, ẹ má dí i pa. Tí ohùn bá wá ń kùn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ fà á padà díẹ̀.

4. Ẹ sún àga yín. Ìṣirò kan náà ló wà fún ògiri tó wà lẹ́yìn orí yín: tí orí yín bá jìnnà sí i ní 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ ti jókòó sínú ihò 143 Hz. Ẹ má sì jókòó sí ìdajì yàrá gẹ́lẹ́.

5. Ẹ yí gíga padà, tí sítáǹdì yín bá gbà bẹ́ẹ̀.

6. Tí ẹ bá ní subwoofer, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 80 Hz gẹ́gẹ́ bí ààlà láàárín òun àti sípíkà, kí ẹ yí bọ́tìnnì "phase" rẹ̀ wò. Ẹ fi í sí ibi tí béèsì ti kún jù.

Ẹ jẹ́ kí equalizer gbẹ̀yìn. Kò lè dí ihò tí ògiri gbẹ́. Tí ẹ bá fi 10 dB kún un, ẹ̀rọ á lo agbára ìlọ́po mẹ́wàá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn tó ń ta padà náà á pọ̀ sí i, wọ́n á sì tún pa ara wọn rẹ́. Ẹ lè jó sípíkà lásán.

Fún ẹni tó bá fẹ́ fojú rí i, sọ́fíwíà ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Room EQ Wizard. Pẹ̀lú máìkì tó ṣeé gbára lé, á ya àwòrán ohùn yàrá yín fún yín, ihò àti òkè rẹ̀.

Bó ṣe parí

Mo sún sípíkà sẹ́yìn títí ojú rẹ̀ fi jìnnà sí ògiri ní 25 sẹ̀ǹtímítà. Ihò bọ́ sí nǹkan bí 343 Hz. Kò jìn tó ti tẹ́lẹ̀, torí bí ohùn ṣe ń lọ sókè ni àpótí ń darí rẹ̀ síwájú sí i, tí èyí tó ń lọ sẹ́yìn sì ń dín kù. Mo sún àga náà díẹ̀. Mi ò ná kọ́bọ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá mi tún ṣí gbígbasílẹ̀ náà, ṣùgbọ́n wọ́n fo ibi tí àyàn ti ń pe ọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ìlù nìkan ló kù. Ọmọ mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. "Bàbá àgbà, ọkọ̀ ni! Ọkọ̀ tí à ń wọ̀!" Ìyá ìlù tún lù. "Ọkọ́ nìyẹn, ti oko." Wọ́n ṣe é títí ó fi di àkókò oorun.

Bàbá mi ti padà sí Ìbàdàn. Sítáǹdì náà ṣì wà níbi tí mo gbé e sí. Mo fi téèpù sàmì sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sún un nígbà tó bá ń gbálẹ̀. Ẹ mú téèpù ìwọ̀n tiyín, kí ẹ wọn pálọ̀ yín wò lópin ọ̀sẹ̀ yìí. Ó dìgbà kan ná.

Àwọn ọ̀rọ̀ tí a lò

- Ìgbì: bí afẹ́fẹ́ tàbí omi ṣe ń ru sókè, tó ń rọ̀ sílẹ̀ bó ṣe ń lọ.
- Ta padà: kí nǹkan kọlu ibì kan, kó sì yí padà wá.
- Pa rẹ́: kí nǹkan mú kí òmíràn má sí mọ́.
- Kólòlò: kí ọ̀rọ̀ má já gaara lẹ́nu ẹni.
- Àyàn: onílù tó jogún iṣẹ́ ìlù nílé wọn; ẹ máa rí i nínú orúkọ bíi Àyánwálé.