Ẹ Jẹ́ Kí Á Bọ̀wọ̀ fún Ohùn Ẹni Tí Kò Sí Níbẹ̀

Ẹni tí ó bá ti àárín ìlú Niamey, tí í ṣe olú-ìlú orílẹ̀-èdè Niger, gba orí Afárá Kennedy tí a ṣí ní ọdún 1970 kọjá, yóò bọ́ sí apá ọ̀tún Odò Ọya. Ní apá ibẹ̀ ni àdúgbò Kirkissoye wà, níbi tí oko ìrẹsì gbé wà lẹ́bàá odò, tí omi sì ya wọ ilé àwọn ènìyàn ní ọdún 2020. Èdè Zarma, èdè Haúsá àti èdè Faransé ni etí ń gbọ́ jù níbẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tí òwò bá wà, kò sí ibi tí ọmọ Yorùbá kì í dé.

Ṣọ́ọ̀bù ọ̀kan nínú wọn ni mo jókòó sí ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ohun èlò alùpùpù ni ọkùnrin náà ń tà, ó sì tún ń bá àwọn oníbàárà tún alùpùpù wọn ṣe. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún fún gíríìsì nígbà tí tẹlifóònù rẹ̀ dún. Ó fi ẹ̀yìn ìka tẹ̀ ẹ́, ó gbé e sí sípíkà, ó sì fi í lélẹ̀ lórí tábìlì. Ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ni ó jáde, láti ilé. Wọ́n kí ara wọn títí, wọ́n béèrè àlàáfíà aya àti ọmọ, kí ìyá náà tó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní: “Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ o. Bàbá ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ yẹn ti fi ayé sílẹ̀ láàárọ̀ yìí. Má tíì jẹ́ kí ó mọ̀ o. Ṣáà wá ọgbọ́n dá sí i kí ó máa bọ̀ nílé.”

Ọmọ náà wà lẹ́yìn wa, ó ń ka nọ́ọ̀tì sínú agolo. Ọ̀gá rẹ̀ sáré na ọwọ́ kí ó pa ẹ̀rọ náà, ṣùgbọ́n gíríìsì tí ó wà ní ìka rẹ̀ kò jẹ́ kí ojú ẹ̀rọ gbọ́ tirẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ìró nọ́ọ̀tì dákẹ́ nínú agolo. Oníbàárà kan tí ó jẹ́ Zarma wà níbẹ̀ pẹ̀lú wa. Kò gbọ́ Yorùbá, ẹnikẹ́ni kò sì túmọ̀ ohunkóhun fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó wo ojú ọmọ náà, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sókè, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdúrà. Ojú lọ̀rọ̀ wà, gẹ́gẹ́ bí àwọn àgbà ti wí.

Mo ti bi ara mi léèrè lọ́pọ̀ ìgbà pé ta ni ó jẹ̀bi. Ìyá tí ó pè kò ṣẹ̀, nítorí pé ohun tí àṣà wa kọ́ ọ ni ó ń ṣe. Ní ilẹ̀ Yorùbá, a kì í dédé sọ ọ̀rọ̀ ikú lu ọmọ ẹni: a ó pè é wálé, a ó fún un ní ìjókòó, a ó wá àgbà tí ó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, a ó sì ní ènìyàn lẹ́bàá rẹ̀ tí yóò dì í mú. Ọ̀gá náà pàápàá kì í ṣe ìkà. Iṣẹ́ ni ó ká a mọ́. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé ẹni tí ń sọ̀rọ̀ gbà pé etí ẹnì kan ṣoṣo ni òun ń sọ ọ́ sí, nígbà tí ó jẹ́ pé ènìyàn mẹ́rin ni ń gbọ́. Òun ni ó ni ọ̀rọ̀. Òun nìkan ni kò sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ.

Àwa tí a wà ní ìdálẹ̀ a máa tan ara wa jẹ pé èdè wa jẹ́ aṣọ ìkélé. A ó ní, “Ta ni ó gbọ́ Yorùbá níbí?” A ó sì fi owó, àìsàn àti ìjà ẹbí sí gbangba. Ṣùgbọ́n àlejò nìkan ni aṣọ ìkélé yìí lè bò ó mọ́ lójú. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn gan-an, bí ọmọ iṣẹ́, aya tàbí ẹni tí a jùmọ̀ ń ṣòwò, òun ni ó gbọ́ èdè wa.

Ó yẹ kí a mọ bí ẹ̀rọ yìí ti ń ṣiṣẹ́. Bí a bá gbé tẹlifóònù mọ́ etí, ohùn tí ń jáde kéré, ó mọ sí etí ẹni. Bí a bá tẹ sípíkà, ohùn náà yóò ròkè, ẹ̀rọ náà yóò sì máa gba ohùn láti ọ̀nà jíjìn. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ tí àwọn tí ó wà nínú yàrá ń bá ara wọn sọ náà lè dé etí ẹni tí ó pè. Ohùn tirẹ̀ a tilẹ̀ máa fẹ́ padà lọ bá a bí ìgbà tí àpáta bá ń gba ohùn ènìyàn; láti bí ọdún 1960 sí 1969 ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ní Bell Laboratories ní Amẹ́ríkà ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ yóò fi máa pa irú gbohùngbohùn bẹ́ẹ̀ rẹ́.

Èmi kò sọ pé kí a sọ sípíkà nù. Ó wúlò fún àgbà tí etí rẹ̀ ti wúwo, fún ìpàdé tí akọ̀wé mẹ́ta ní láti gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, àti fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dí. Ní ọdún 2010, Lauren Emberson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Cornell ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tí ó yani lẹ́nu. Wọ́n fún àwọn ènìyàn ní iṣẹ́ tí ó gba ìfọkànsí, wọ́n sì jẹ́ kí wọ́n máa gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ apá kan ṣoṣo nínú ìtàkùrọ̀sọ ni ó dí wọn lọ́wọ́ ju ọ̀rọ̀ apá méjèèjì lọ, nítorí pé ọkàn a máa sáré wá ohun tí ẹnì kejì wí. Ẹnìkan lè tìdí èyí sọ pé sípíkà ni ó sàn fún àwọn tí ó wà ní ọ́fíìsì kan náà. Bóyá òótọ́ ni, bí ó bá jẹ́ ti ìfọkànsí nìkan. Ṣùgbọ́n ìwádìí náà kò wọn àṣírí ẹni tí ó wà lókèèrè.

Òfin kò gbàgbé rẹ̀. Abala 37 nínú Òfin Ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 dárúkọ ìtàkùrọ̀sọ orí tẹlifóònù ní pàtó lára ohun ìkọ̀kọ̀ ọmọ ìlú tí a gbọ́dọ̀ dáàbò bò. Orílẹ̀-èdè Niger náà sì ṣe òfin lórí ìdáàbòbò ọ̀rọ̀ tí ó jẹ́ ti ara ẹni ní ọdún 2017. Síbẹ̀, kò sí adájọ́ tí yóò jókòó ti tábìlì wa ní ṣọ́ọ̀bù. Ìwà ọmọlúàbí ni ó kù.

Nítorí náà, ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ jẹ́ kí á fi ìwọ̀nba nǹkan yìí sọ́kàn. Kí a tó tẹ sípíkà, ẹ jẹ́ kí á sọ fún ẹni tí ó pè, kí á sì dárúkọ gbogbo ẹni tí ó wà níbẹ̀: “Ẹ̀gbọ́n, mo fẹ́ gbé ohùn yín sí sípíkà o, oníbàárà àti ọmọ iṣẹ́ mi wà níbí.” Bí ọwọ́ wa kò bá mọ́, ẹ jẹ́ kí á fi í sílẹ̀ kí ó dún, kí á padà pè é. Ohùn tí a gbà sílẹ̀ ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp, etí ni kí á kọ́kọ́ fi gbọ́ ọ. Kí ọ̀gá má ṣe gbé ohùn ọmọ abẹ́ rẹ̀ sí gbangba kí ó tó bá a wí. Kí ẹni tí ọ̀rọ̀ ńlá sì wà lẹ́nu rẹ̀ kọ́kọ́ béèrè pé, “Ṣé ìwọ nìkan ni o wà níbẹ̀?”

Ọ̀gá náà ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó fọ ọwọ́ rẹ̀, ó sì jókòó ti ọmọ náà títí ilẹ̀ fi ṣú. Ní ọjọ́ kejì, ó sìn ín dé ibùdókọ̀, ó san owó ọkọ̀ rẹ̀ délé. Nígbà tí mo tún gba Kirkissoye kọjá lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ọmọ náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì rí àkísà mímọ́ kan tí a fi kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Tẹlifóònù dún. Ọ̀gá fa àkísà náà, ó nu ọwọ́ rẹ̀ láìkánjú, ó gbé ẹ̀rọ náà mọ́ etí, ó sì jáde síta kí ó tó wí pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ̀gbọ́n mi.”