Olùkọ́ Kan, Kíláàsì Kan: Bí Sinimá Ṣe Ń Sọ Ìtàn Ẹ̀yà ní Ilé-Ẹ̀kọ́ Amẹ́ríkà

Ẹni tó bá ti wo Freedom Writers (2007) ti mọ bí irú fíìmù yìí ṣe máa ń lọ. Olùkọ́ tuntun kan, obìnrin aláwọ̀ funfun, wọ kíláàsì ní Long Beach, ní California, lẹ́yìn rògbòdìyàn Los Angeles ti 1992. Àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú jókòó lọ́tọ̀, àwọn Látìnò lọ́tọ̀, àwọn ọmọ Cambodia lọ́tọ̀. Kí fíìmù tó parí, wọ́n ti di ọmọ ìyá.

Ìtàn olùkọ́ kan tó ń jẹ́ Erin Gruwell ni, ó sì ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tí fíìmù náà di ẹ̀bi rù. Ìwé wà nílé-ẹ̀kọ́. Ọ̀gá kan ló kọ̀ tí kò fún àwọn ọmọ, ó ní wọn yóò bà á jẹ́. Olùkọ́ wá ń ṣe iṣẹ́ mìíràn kún iṣẹ́ kí ó lè rówó ra ìwé fún wọn. Òǹwòran á gbà pé ìkà ẹnì kan ló fa ìyà àwọn ọmọ wọ̀nyí, pé àánú ẹlòmíràn ni yóò sì mú un kúrò.

Ṣùgbọ́n owó ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ní Amẹ́ríkà, apá ńlá nínú owó ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ń wá láti inú owó orí tí wọ́n ń gbà lórí ilé àti ilẹ̀ àdúgbò. Níbi tí ilé bá ti wọ́n, owó ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń pọ̀. Bẹ́ẹ̀ láti àwọn ọdún 1930 ni àwọn báńkì ti ń kọ̀ láti yá ẹni tó fẹ́ ra ilé ní àdúgbò aláwọ̀ dúdú lówó, iye ilé wọn kò sì gòkè bíi ti àwọn ẹlòmíràn. Àwọn òbí láti Edgewood, ní San Antonio, gbé ọ̀rọ̀ owó yìí dé Ilé-Ẹjọ́ Gíga Jùlọ. Ní 1973, adájọ́ márùn-ún nínú mẹ́sàn-án dá ẹjọ́ náà lòdì sí wọn. Irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣòro fún kámẹ́rà, nítorí kò sí ẹnì kan tí òǹwòran lè bínú sí.

Stand and Deliver (1988) sún mọ́ òótọ́ jù. Jaime Escalante, ọmọ Bolivia, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Garfield High School ní East Los Angeles ní 1974. Ní 1982, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ 18 yege nínú ìdánwò calculus. Wọ́n fura sí 14 nínú wọn pé wọ́n jíwèé wò. 12 tún un ṣe, gbogbo wọn sì yege. Fíìmù náà fi ìwọ̀sí yẹn hàn dáadáa, ó sì dùn mọ́ mi pé ó fi hàn. Àmọ́ ó ká ọdún mẹ́jọ kúrú, bí ẹni pé ọmọ tí kò mọ ìṣirò lónìí yóò mọ calculus lọ́la. Ọdún gbọọrọ ni Escalante fi tún àwọn kíláàsì ìsàlẹ̀ tò, ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ náà, Henry Gradillas, sì tì í lẹ́yìn.

Àwọn fíìmù kan ti kúrò lọ́nà olùkọ́ kan ṣoṣo yẹn. Nínú The Hate U Give (2018), Starr, ọmọbìnrin aláwọ̀ dúdú kan, ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀ níléèwé tó kún fún àwọn aláwọ̀ funfun, kí wọ́n má baà pè é ní ọmọ àdúgbò tálákà. Lọ́dún kan náà ni olùdarí fíìmù Steve James gbé America to Me jáde, fíìmù ìṣẹ̀lẹ̀ gidi alápá mẹ́wàá, tí ó yà ní ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Oak Park nítòsí Chicago. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn lówó, dúdú àti funfun ń gba ẹnu ọ̀nà kan náà wọlé. Síbẹ̀, àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn kíláàsì tó ga jù, àwọn òbí aláwọ̀ dúdú sì ń bèèrè ìdí rẹ̀ ní ìpàdé dé ìpàdé.