Ojú Kò Mọ Ìran: Ohun Tí Àyẹ̀wò DNA Ń Sọ Nípa Ajá Àmúlùmálà

Adìẹ dúdú ni ó ń yé ẹyin funfun. Òwe yìí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n díẹ̀ ni àwọn tí ó ń rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá rí ajá àmúlùmálà, èyíinì ni ajá tí ìran bàbá rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ìyá rẹ̀. Bí ara rẹ̀ bá dúdú, tí etí rẹ̀ sì rọ̀, wọn a ní Labrador ni bàbá rẹ̀. Bí orí rẹ̀ bá tóbi, tí àyà rẹ̀ sì fẹ̀, wọn a ní ọmọ pit bull ni. Ní Amẹ́ríkà, láti nǹkan bí ọdún 2007 tí àyẹ̀wò DNA fún irú ajá bẹ́ẹ̀ ti di ohun tí a ń tà fún gbogbo ènìyàn, ọ̀pọ̀ olówó ajá ni ó ti gba èsì tí ó yà wọ́n lẹ́nu: ìran tí wọ́n fi ń pe ajá wọn kò sí nínú rẹ̀ rárá, èyí tí ẹnikẹ́ni kò fọkàn sí ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Nínú ilé, ọ̀rọ̀ ẹ̀rín ni èyí. Ní ibi tí òfin bá ti ka irú ajá kan léèwọ̀, ọ̀rọ̀ ikú àti ìyè ni.

Ẹ̀rí ojú

Ní ọdún 2015, àwọn onímọ̀ ìṣègùn ẹran gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Florida. Wọ́n mú ajá 120 ní ilé ìtọ́jú mẹ́rin tí a ń kó àwọn ajá tí kò ní olówó sí. Wọ́n ní kí òṣìṣẹ́ 16, mẹ́rin ní ilé kọ̀ọ̀kan, wò wọ́n kí wọ́n sì sọ ìran wọn. Wọ́n sì ṣe àyẹ̀wò DNA fún àwọn ajá náà. Ajá 62 ni òṣìṣẹ́ kan, ó kéré tán, pè ní irú pit bull. Nínú gbogbo 120 náà, 25 péré ni àyẹ̀wò rí ìran yìí lára wọn. Àwọn òṣìṣẹ́ náà kì í ṣe òpè, nítorí pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń tọ́jú ajá, oníṣègùn ẹran sì wà nínú wọn. Síbẹ̀, ohun tí ẹnìkan pè ní pit bull, ẹnìkejì rẹ̀ a pè é ní nǹkan mìíràn.

Bí ìran ti ń dé ara ọmọ

Kí ni ó fa irú àṣìṣe báyìí? Nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí í ṣe hóró tín-ín-tín tí ó para pọ̀ di ara, ni àkọsílẹ̀ kan wà tí ó ń pàṣẹ bí ẹran náà yóò ti rí. Àkọsílẹ̀ yìí ni DNA. Lára ajá, a pín in sórí okùn 78 tí à ń pè ní kúrómósóòmù. 39 wá láti ọ̀dọ̀ bàbá, 39 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Nǹkan bí 20,000 àṣẹ, tí à ń pè ní jíìnì, ni ó wà lórí wọn. Ní ọdún 2005 ni àwọn onímọ̀ gbé kíkà rẹ̀ tí ó péye jáde, láti ara abo ajá Boxer kan tí ń jẹ́ Tasha.

Ìdajì ohun tí òbí ní ni ó ń fún ọmọ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìdajì kan náà ni ó ń fún gbogbo wọn. Bí ẹni tí ó ń bu ẹ̀kúnwọ́ ọmọ ayò láti inú igbá kan ni, tí oríṣiríṣi àwọ̀ wà nínú igbá náà: iye tí a bù lè dọ́gba, àwọ̀ wọn kì í dọ́gba. Àṣẹ mìíràn tún wà tí ó ń fara pamọ́ lábẹ́ èkejì rẹ̀, tí kò ní hàn lára ọmọ, ṣùgbọ́n tí yóò hàn lára ọmọ-ọmọ.

John Paul Scott àti John L. Fuller fi èyí hàn ní Bar Harbor, ní ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà, nínú iṣẹ́ ọlọ́dún gbọọrọ tí wọ́n fi ṣe ìwé ní ọdún 1965. Wọ́n mú Basenji, ajá ilẹ̀ Kóńgò tí etí rẹ̀ nà ṣánṣán, gun Cocker Spaniel, ajá ọdẹ àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí etí rẹ̀ gùn tí ó sì rọ̀. Àwọn ọmọ tí wọ́n bí kò fi bẹ́ẹ̀ jọ ìyá, wọn kò sì fi bẹ́ẹ̀ jọ bàbá. Nígbà tí àwọn ọmọ wọ̀nyí tún bímọ láàrin ara wọn, àwọ̀ àti ìrísí àwọn ọmọ-ọmọ yàtọ̀ síra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí kò mọ òbí wọn àgbà kò ní lè dárúkọ wọn.

Ìdí kejì ni pé ìwọ̀nba jíìnì díẹ̀ ni ó ń darí ohun tí ojú ń rí. Ní ọdún 2009, ìwádìí fi hàn pé jíìnì mẹ́ta péré ni ó fa èyí tí ó pọ̀ jù nínú ìyàtọ̀ irun àwọn ajá: ọ̀kan ń sọ irun di gígùn, ọ̀kan ń mú un ká kò, ẹ̀kẹta sì ń mú irungbọ̀n àti irun òkè ojú hù. Ní ọdún náà gan-an, a rí i pé jíìnì kan ṣoṣo ni ó sọ ẹsẹ̀ Dachshund àti ti àwọn ẹlẹ́sẹ̀ kúkúrú bíi tirẹ̀ di kúkúrú. Ẹni tí ó ń wo ajá, àwọn díẹ̀ wọ̀nyí ni ó ń wò; ẹgbẹẹgbẹ̀rún yòókù wà lábẹ́ awọ.

Ní àtijọ́, ilà ojú a máa jẹ́ kí Yorùbá mọ ìlú tàbí ìdílé ẹni, nítorí pé àwọn ará ilé olúwarẹ̀ ni ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ fún un. Irú ilà bẹ́ẹ̀ ni ìrísí ajá tí ìran rẹ̀ kò lú. Àwọn olùsìn ajá ni ó yan ìwọ̀nba àmì, tí wọ́n sì ń mú akọ àti abo tí ó ní àmì náà gun ara wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bí ìran bá ti dàpọ̀, ilà náà lè pa rẹ́ kíákíá, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀.

Ibi tí agbára àyẹ̀wò mọ

Olówó ajá yóò fi ọ̀pá kékeré kan tí òwú wà lórí rẹ̀ nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ajá rẹ̀, yóò sì fi ránṣẹ́ sí ilé àyẹ̀wò. Níbẹ̀ ni wọn yóò ti wo ẹgbẹẹgbẹ̀rún àmì lórí àwọn okùn náà, tí wọn yóò sì fi wọ́n wé ti àwọn ajá tí a mọ ìran wọn dájú. Ibi tí wọ́n bá ti bára mu ni wọn yóò kọ orúkọ ìran sí. Nítorí náà, ilé àyẹ̀wò kò lè dárúkọ ìran tí kò sí nínú ìwé rẹ̀.

Èyí kan àwọn ajá ilẹ̀ Áfíríkà gan-an. Ní ọdún 2009, àwọn onímọ̀ gbé àyẹ̀wò ajá abúlé Íjíbítì, Ùgáńdà àti Nàmíbíà jáde. Wọ́n rí i pé àwọn kan ti dàpọ̀ mọ́ ajá òyìnbó, ṣùgbọ́n pé ọ̀pọ̀ ni ó jẹ́ ọmọ onílẹ̀, tí ìran wọn ti wà ní Áfíríkà láti ìgbà láéláé. Bí a bá fi irú ajá onílẹ̀ bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́ sí ibi tí ìwé wọn kún fún ajá Yúróòpù nìkan, orúkọ tí ó sún mọ́ ọn díẹ̀ ni wọn yóò wá fún un. Yóò wá dà bí ẹni pé àmúlùmálà ni ajá tí kò dàpọ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìran kì í ṣe ìwà

Ní Miami-Dade, ní Florida kan náà, òfin ka sísin pit bull léèwọ̀ láti ọdún 1989 títí di ọdún 2023 tí òfin ìpínlẹ̀ fi òpin sí i. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lábẹ́ òfin ajá eléwu ti ọdún 1991, ìrísí ajá ni a fi ń mọ̀ bóyá irú èyí tí a kà léèwọ̀ ni, kì í ṣe orúkọ ìran rẹ̀. Àyẹ̀wò DNA kò sì lè gba irú ajá bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Èyí ni pé ẹ̀rí tí àwọn òṣìṣẹ́ Florida kò fi lè fohùn ṣọ̀kan ni a fi ń dá ẹjọ́ ajá.

Bí orúkọ tilẹ̀ tọ̀nà, kò tíì parí. Ní ọdún 2022, àwọn onímọ̀ gbé ìwádìí jáde lórí ìwà ajá tí ó lé ní 18,000. Wọ́n sì ka DNA 2,155 nínú wọn. Wọ́n rí i pé nǹkan bí ìdá 9 péré nínú 100 ìyàtọ̀ ìwà láàrin ajá kan àti èkejì ni ìran lè ṣàlàyé. Ìyókù wà lọ́wọ́ ohun mìíràn, tí ìtọ́jú àti ibi tí ajá gbé dàgbà wà lára wọn. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ajá kan yóò bu ènìyàn jẹ, kí ó béèrè ohun tí ajá náà ti ṣe rí, kí ó sì béèrè irú ẹni tí ó tọ́ ọ dàgbà. Èsì àyẹ̀wò lè sọ àwọn tí ó bí i. Kò lè jẹ́rìí ẹ̀ṣẹ̀ tí kò tíì dá.