Òṣùwọ̀n-iye: Orúkọ fún Ohun Ìdíyelé tí Kì í Ṣe Owó

Iṣẹ́ mẹ́ta ni owó ń ṣe: a fi ń ra ọjà, a fi ń pa ọrọ̀ mọ́, a sì fi ń díwọ̀n iye ohun gbogbo. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Yorùbá ń lò fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí kì í fa ìdàrúdàpọ̀ àfi nígbà tí àwọn iṣẹ́ náà bá pínyà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti pínyà ní ilẹ̀ Bràsíìlì ní ọdún 1994.

Láàárín ọdún 1993 nìkan, iye ọjà níbẹ̀ di ìlọ́po tí ó ju 20 lọ. Owó oṣù tí òṣìṣẹ́ gbà ní òwúrọ̀ ti ń fúyẹ́ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta ọdún 1994, ìjọba gbé Unidade Real de Valor, tí a gé kúrú sí URV, jáde. Èrò rẹ̀ ti wà nínú àbá tí Persio Arida àti André Lara Resende gbé kalẹ̀ ní ọdún 1984. URV kò ní bébà, kò sì ní kọ́bọ̀. Cruzeiro real ni a ṣì ń ná. Ṣùgbọ́n lójoojúmọ́ ni Báńkì Àpapọ̀ ń kéde iye cruzeiro real tí ó bá URV kan dọ́gba, bí atọ́ka iye ọjà bá ti rìn sí. 647.50 ni ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó di 2,750 ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje. Bàtà tí a dá URV 10 lé ń gba 6,475 ní ìbẹ̀rẹ̀, ó sì ń gba 27,500 ní ìparí, síbẹ̀ 10 tí a kọ sí i lára kò yí padà. Ará ìlú tún lè mọ ọjà tí ó wọ́n yàtọ̀ sí èyí tí kò wọ́n.

Owó oṣù ni ó fa awuyewuye. Ìpíndọ́gba iye oṣù mẹ́rin ni a fi sọ ọ́ di URV, kì í ṣe iye tí ó ga jù lọ nínú wọn. Àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kò sì gbà pé ó tọ́. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Keje yẹn, òṣùwọ̀n náà di owó gan-an, ó ń jẹ́ real. Ọ̀wọ́n ọjà tí ó ju 40 nínú 100 lọ ní oṣù Kẹfà kò tó 10 ní oṣù Keje, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé èlé gíga náà ní ipa tirẹ̀ nínú èyí.

Kí ni kí olùtumọ̀ pè é? “Owó-àfinúrò” kò dára, nítorí inú ìwé àdéhùn ni ó wà, kì í ṣe inú èrò. “Owó-ìṣirò” sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n ó tún dá owó padà sí ibi tí a ti yọ ọ́ kúrò. Òṣùwọ̀n-iye ni ó bá a mu jù. Bí a bá fẹ́ sọ pé ó ń tẹ̀lé atọ́ka, kí a kọ ọ́ ní òṣùwọ̀n-iye atẹ̀látọ́ka. Àwọn kan lè tọ́ka sí ọ̀kẹ́, èyí tí í ṣe 20,000 owó ẹyọ, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ ti ilé. Kò rí bẹ́ẹ̀: bí iye owó ẹyọ ti ń já, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kẹ́ ń bá a já.

Kí a má sì fi “ìgbà díẹ̀” kún orúkọ náà. Ti Bràsíìlì lo oṣù mẹ́rin péré. Unidad de Fomento ti ilẹ̀ Chile, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1967, kò di owó rí, òun ni a sì fi ń ṣírò owó tí a yá láti ra ilé níbẹ̀ títí di òní.