Ọkọ̀ ojú irin oníke láti Japan: ohun ìṣeré tí bàbá àtọmọ jọ ń lò

Ọmọ tí wọ́n bí sí Ìdóàní lè pé ọmọ ọdún mẹ́wàá láìtíì fojú gánní rélùwéè. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ojú irin ò gba ìlú wa kọjá, kò gba Ọ̀wọ̀, kò sì gba Ìkàrẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ rí i á forí lé Òṣogbo tàbí Ọ̀fà, tàbí kó yà sápá Ìpínlẹ̀ Edo, kó dé Agenebode, níbi tí ojú irin tó ti Itakpe lọ sí Warri gbà. Torí náà, inú ìwé àti inú páálí ohun ìṣeré ni ọ̀pọ̀ ọmọ wa ti ń kọ́kọ́ mọ ọkọ̀ ojú irin.

Ohun ìṣeré yìí la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí. Òbí tó bá ń rà á á máa rò ó pé: ṣé owó tí mo fẹ́ ná yìí ò ní wọgbó láàárín ọ̀sẹ̀ méjì? Ẹ jẹ́ ká wo bí àwọn ará Japan ṣe dáhùn ìbéèrè yẹn. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí ìdáhùn ọ̀hún ti ń ṣiṣẹ́ fún wọn.

Ó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1959

Lọ́dún 1959 ni ilé iṣẹ́ Tomy gbé ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n fi ike ṣe jáde fáwọn ọmọdé. Ike yìí lọ̀pọ̀ nínú wa ń pè ní rọ́bà. Ọwọ́ lọmọ fi ń ti ọkọ̀ àkọ́kọ́ yẹn. Nígbà tó di 1961, wọ́n fi ẹ́ńjìnì kékeré àti bátìrì sí i, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í dá sáré. Plarail lorúkọ tí gbogbo ayé wá mọ̀ ọ́n sí. Lọ́dún 2006, Tomy dara pọ̀ mọ́ ilé iṣẹ́ Takara, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ Takara Tomy báyìí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le rárá. Ojú irin rẹ̀ jẹ́ ike aláwọ̀ búlúù, tí wọ́n gé sí wẹ́wẹ́. Ahọ́n wà ní ìkángun kan, ihò tí ahọ́n ń wọ̀ sì wà ní ìkángun kejì. Tẹ́ ẹ bá to mẹ́jọ nínú èyí tó tẹ̀ pọ̀, ó ti di òbírí nìyẹn. Kò nílò iná NEPA, torí inú ọkọ̀ fúnra rẹ̀ ni bátìrì wà, bọ́tìnnì kan la fi ń tàn án tá a fi ń pa á.

Wọn ò yí ojú irin padà

Àṣírí ibẹ̀ nìyí: láti 1959 títí dòní, wọn ò yí ìwọ̀n ojú irin náà padà. Èyí tí bàbá fi ṣeré nígbà tó wà lọ́mọdé ṣì ń wọ inú èyí tó rà fọ́mọ rẹ̀ lánàá. Ọkọ̀ nìkan ló ń yí. Nígbà tí Japan ṣí Shinkansen, rélùwéè wọn tó ń sáré bí ọfà, láàárín Tokyo àti Osaka ní oṣù kẹwàá ọdún 1964, kò pẹ́ tí irú ẹ̀ fi dé sórí ojú irin oníke. Ọkọ̀ tuntun ń dé, ti àtijọ́ ò sì di ìdọ̀tí. Ohun tó bá sì ti ń pẹ́ nílé báyẹn, díẹ̀díẹ̀ lèèyàn á bẹ̀rẹ̀ sí í kó o jọ.

Tàgbà yàtọ̀ sí tọmọdé

Àwọn àgbà náà ní tiwọn. Lọ́dún 1976, Tomy kan náà yìí gbé èyí tó ń jẹ́ Tomix jáde. Ojú irin rẹ̀ ò fẹ̀ ju mìlímítà 9 lọ, iná sì ń gba orí ojú irin náà wọnú ọkọ̀. Tẹ́ ẹ bá pín rélùwéè gidi sọ́nà 150, ìdá kan níbẹ̀ ni ọkọ̀ yìí. Fèrèsé rẹ̀ pé, ilẹ̀kùn rẹ̀ pé, ọmọdé ò sì gbọdọ̀ fọwọ́ pa á lára. Plarail ní tiẹ̀ kì í sábà ju kẹ̀kẹ́ mẹ́ta tí wọ́n so mọ́ra wọn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Shinkansen gidi tó ń lọ sí Osaka ní mẹ́rìndínlógún.

Àárín méjèèjì jìn. Ọmọ tó ti tó ọdún méjìlá, ojú ti ń tì í láti fi tọmọdé ṣeré, bẹ́ẹ̀ owó tàgbà ò sí lọ́wọ́ ẹ̀. Kí wọ́n lè di àlàfo yẹn, wọ́n gbé Plarail Advance jáde ní 2011: ọkọ̀ tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí méjì lè sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lórí ojú irin búlúù kan ṣoṣo. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, wọ́n tún ṣe Real Class fáwọn àgbà. Àwọ̀ àti ìrísí rẹ̀ sún mọ́ ojúlówó, síbẹ̀ orí ojú irin búlúù yẹn náà ló ń rìn.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀?

Ó kàn wá o. Ojú irin àtijọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896, tó dé Ìbàdàn ní 1901, mìlímítà 1,067 ló fẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pọ̀ ojú irin Japan ṣe fẹ̀. Ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 fẹ̀ tó mìlímítà 1,435, bíi ti Shinkansen. Èyí tó fẹ̀ jẹ́ kí ọkọ̀ lè sáré dáadáa, àmọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọ̀kan ò lè rìn lórí ìkejì. Orí ike búlúù, ọkọ̀ àtijọ́ àti Shinkansen jọ ń rìn ni.

Kẹ́ ẹ tó sanwó

Ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á bóyá wọ́n ń ta ojú irin rẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ èyí tó wà lọ́jà ò bá ti ilé iṣẹ́ míì mu. Tí ẹyọ kan bá ti sọ nù, ó parí nìyẹn. Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ ṣí ibi tí bátìrì ń wọ̀, ẹ wò ó bóyá ó ti dípẹtà, kẹ́ ẹ sì fi bátìrì dán an wò lójú ẹni tó ń tà á. Ẹ má fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, torí àwọn nǹkan kéékèèké tó lè gbé mì. Tí wọ́n bá ti ṣeré tán, tí wọn ò sì ní fọwọ́ kàn án fún ìgbà díẹ̀, ẹ yọ bátìrì, kó má baà da omi sínú ẹ̀. Kẹ́ ẹ sì tọ́jú páálí ẹ̀.

Bí owó ò bá sí, agolo mílíìkì àti ìdérí ìgò ṣì wà, tipẹ́ làwọn ọmọ wa ti ń fi wọ́n ṣe ọkọ̀. Ẹ kàn sọ fún wọn pé kí gbogbo ọmọ àdúgbò fẹnu kò lórí irú ìkọ́ kan, kí agolo Táyé lè so mọ́ ti Bọ́lá, kí èyí tí wọ́n ṣe lọ́dún yìí sì lè so mọ́ tọdún tó ń bọ̀.