A kì í fárí lẹ́yìn olórí: Bí Jenny ṣe já ara ẹ̀ gbà ní kóòtù

Ọ̀rọ̀ tó gbé Jenny Hatch dé kóòtù nílùú Newport News, ní ìpínlẹ̀ Virginia, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ olè, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìjà. Obìnrin náà ò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Ohun tí wọ́n ń bá a fà ò ju pé ta ló máa sọ ibi tó máa gbé, ibi tó máa ti ṣiṣẹ́ àti ẹni tó máa bá rìn. Jenny ní òun lòun máa sọ ọ́. Àwọn ẹbí ẹ̀ ní rárá o, kò lè dá a sọ.

Ohun tí àwọn dókítà ń pè ní Down syndrome ni wọ́n bí mọ́ ọn. Ẹni tó bá ní in máa ń pẹ́ kó tó kọ́ nǹkan, ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀ sì lè má já gaara. Ṣùgbọ́n Jenny kì í ṣe ẹni tó ń jókòó sílé kí wọ́n máa gbóńjẹ fún un. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta òkìrìkà, ó ń gun kẹ̀kẹ́ kiri, ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, kódà, ó máa ń bá àwọn olóṣèlú polongo ìbò.

Ọdún 2012 ni nǹkan dàrú. Mọ́tò gbá a níbi tó ti ń gun kẹ̀kẹ́, ó sì fara pa. Àwọn tó ni ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ṣiṣẹ́ gbà á sílé wọn, ara sì tù ú lọ́dọ̀ wọn. Ni ìyá ẹ̀ àti ọkọ ìyá ẹ̀ bá gba kóòtù lọ, wọ́n ní kí wọ́n fi àwọn ṣe alágbàtọ́ ẹ̀, káwọn máa pinnu ibùgbé ẹ̀, ìtọ́jú ara ẹ̀ àti ẹni tó lè wá kí i.

Kí ẹjọ́ náà tó parí, wọ́n mú un lọ sílé ìtọ́jú. Wọ́n gba fóònù àti kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ ẹ̀, wọn ò jẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ làwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ò ráyè rí i bí wọ́n ṣe fẹ́ mọ́. Àgbàlagbà tó ti ń gbowó iṣẹ́ ẹ̀ wá di ẹni tí wọ́n ń ṣọ́ bí ọmọ ọwọ́.

Òótọ́ ni pé ẹ̀rù máa ń ba òbí tó bá bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Táwọn oníjìbìtì bá rí i mú ńkọ́? Tí wọ́n bá tàn án jẹ ńkọ́? Ṣùgbọ́n Jonathan Martinis, lọ́yà tó dúró fún Jenny, ò sọ pé obìnrin náà ò nílò ìrànlọ́wọ́. Ohun tó ń sọ ni pé kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ láti pinnu, kí wọ́n má gba ìpinnu lọ́wọ́ ẹ̀. Àbí ta ni kì í béèrè? Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ ń wá lọ́yà, ẹni tí dókítà fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún ń pe ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Kò sẹ́ni tó tìtorí ìyẹn sọ pé wọn ò gbọdọ̀ bọ̀wé fúnra wọn mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, oṣù kẹjọ, ọdún 2013, tí Jenny jẹ́ ẹni ọdún 29, Adájọ́ David Pugh dájọ́. Ó ní kó máa lọ sọ́dọ̀ àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ tó fẹ́ lọ bá. Ọdún kan péré ló fi wọ́n ṣe alágbàtọ́ ẹ̀, ó sì ní kí wọ́n ràn án lọ́wọ́ kó lè máa ṣèpinnu fúnra ẹ̀. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, ọdún 2014, ọdún kan náà pé, Jenny ò sì ní alágbàtọ́ kankan lórí mọ́.

Látìgbà náà lọ̀rọ̀ ọ̀hún ti ń ràn káàkiri. Lọ́dún 2015, ìpínlẹ̀ Texas ló kọ́kọ́ ṣòfin lórí ẹ̀ l'Amẹ́ríkà. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Àgbàlagbà náà yóò fúnra ẹ̀ mú ẹni tó fọkàn tán, wọn yóò jọ bọ̀wé àdéhùn. Olùrànlọ́wọ́ yóò bá a wá ìwé, yóò ṣàlàyé ẹ̀ lọ́rọ̀ tó lè yé e, yóò sì bá a sọ ohun tó bá pinnu fáwọn tó yẹ kó gbọ́. Kò gbọdọ̀ bá a pinnu. Bẹ́nì kan tí ìwé náà dọ́wọ́ ẹ̀ bá sì fura pé wọ́n ń rẹ́ onítọ̀hún jẹ, dandan ni kó lọ sọ fún ìjọba. Lórílẹ̀-èdè Peru, ọdún 2018 ni wọ́n yí òfin wọn padà, wọ́n ní ẹ̀tọ́ àgbàlagbà tó ní ìpèníjà ara láti ṣèpinnu kò yàtọ̀ sí ti ẹlòmíì.

Ẹ̀yin èèyàn wa, ọ̀rọ̀ yìí kan Nàìjíríà náà. Àdéhùn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe lọ́dún 2006, abala kejìlá ẹ̀ sọ ọ́ gbangba pé kí ìjọba pèsè ìrànlọ́wọ́ tí aláàbọ̀ ara nílò láti lo ẹ̀tọ́ ẹ̀ lábẹ́ òfin. Nàìjíríà fọwọ́ sí i lọ́dún 2007, ó sì fìdí ẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún 2010. Òfin tiwa tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìn-ín-ní, ọdún 2019, ní ẹni tó bá ya aláàbọ̀ ara sọ́tọ̀ yóò san 100,000 náírà, tàbí kó lọ ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì. Tó bá jẹ́ iléeṣẹ́ ni, mílíọ̀nù kan náírà ni.

Ṣùgbọ́n nílé wa níbí, irú ẹjọ́ Jenny kì í sábàá dé kóòtù. Inú pálọ̀ ni wọ́n ti ń dá a. Ẹ̀gbọ́n ń gbowó ilé tí bàbá fi sílẹ̀ fún àbúrò tó jẹ́ odi, kò ní béèrè ohun tó fẹ́ fi ṣe. Nọ́ọ̀sì ń kọjú sí ẹni tó mú afọ́jú wá sọ́sibítù, ó ń bi í pé kí ló ń ṣe é, bíi pé afọ́jú ò ní ẹnu.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Bí ìwé bá ti báǹkì dé, ẹ kà á sí i létí. Bó bá jẹ́ ilé ló fẹ́ gbà, ẹ mú un lọ wo méjì, mẹ́ta, kó fọwọ́ ara ẹ̀ tọ́ka sí èyí tó wù ú. Ọ̀rọ̀ tó bá gùn, ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, kí ẹ sì fún un láyè kó ronú, bó tiẹ̀ di ọ̀la. Owó ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ná, ilé ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ tà, ara ẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ sí. Ẹ pè é kó wá jókòó.