Lílo Pàǹtírí Ibi Ìwakùsà Láti Dín Ìnáwó Kù: Àpẹẹrẹ Àwọn Kúárì Ìpínlẹ̀ Ògùn

Amúwo-Ọ̀dọ̀fin kò ní àpáta. Iyanrìn àti ẹrọ̀fọ̀ ni ilẹ̀ ibẹ̀, títí kan Festac Town tí a kọ́ fún àjọ̀dún àṣà ti 1977. Láti agbègbè bí Abẹ́òkúta ni típà ti ń gbé òkúta gíránáìtì wá fún ilé kíkọ́. Típà kan náà a tún máa gbé lẹ́búlẹ́bú òkúta, èyí tí í ṣe pàǹtírí kúárì. Ohun tí iṣẹ́ yìí fẹ́ ṣàlàyé ni bí irú pàǹtírí bẹ́ẹ̀ ṣe lè dín ìnáwó ìwakùsà orí ilẹ̀ kù. Èrò wa ni pé bí ó bá ṣe jìnnà sí ibi tí a ti wà á jáde tó, bẹ́ẹ̀ ni èrè rẹ̀ ń dín kù tó.

Kí a tó dé orí ohun tí a ń wà, a ní láti kọ́kọ́ ká erùpẹ̀ tí ó bò ó kúrò. Dísù ni a fi ń ká a, dísù náà ni a fi ń kó o dànù. Ní Ewékorò, níbi tí ilé-iṣẹ́ símẹ́ǹtì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1960, amọ̀ líle onípele wà lórí òkúta ẹfun. Òkúta ẹfun nìkan kò tó láti ṣe símẹ́ǹtì. Ó nílò amọ̀ pẹ̀lú. Nípa bẹ́ẹ̀, ohun tí à bá kà sí ìdọ̀tí di èròjà láìkúrò lágbègbè náà.

Ọ̀rọ̀ kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀ níbi gíránáìtì. A ó lu ihò sínú àpáta, a ó ki ohun abúgbàù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, a ó sì dí ẹnu ihò náà pa kí agbára ìbúgbàù má baà tú jáde lásán. Lẹ́búlẹ́bú tí ẹ̀rọ hú jáde nínú ihò wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, a sì lè dà á padà. Ṣùgbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ onígun a máa há mọ́ra jù ú lọ. Bí ẹnu ihò bá ṣí, àpáta kò ní fọ́ dáadáa. Òkúta ńláńlá yóò ṣẹ́kù tí a ó tún náwó fọ́. Ọ̀fẹ́ náà ti di ọ̀wọ́n nìyẹn.

Ní ti lẹ́búlẹ́bú abẹ́ ẹ̀rọ ìfọ́kúta, oníbúlọ́ọ̀kù lè fi í dípò apá kan iyanrìn rẹ̀. Ara rẹ̀ rí ṣágiṣàgi, ó sì ń mu omi. Bí a bá bu omi jù, búlọ́ọ̀kù kò ní lágbára. (Èémí rẹ̀ léwu fún ẹ̀dọ̀fóró, nítorí náà ó yẹ kí a máa wọ́n omi sí òkìtì rẹ̀.) Tí ó bá dé Amúwo-Ọ̀dọ̀fin, owó ọkọ̀ ti gun orí rẹ̀, iyanrìn tí a wà nínú omi nítòsí sì ń bá a du ọjà. Ó sàn kí kúárì mọ búlọ́ọ̀kù sẹ́bàá ara rẹ̀.

Òkúta tí kò ṣeé tà dára fún títẹ́ ọ̀nà inú kúárì. Ọ̀nà tí ó tẹ́jú ń dín dísù kù, kì í sì í tètè jẹ táyà. Táyà tí ó bá ti jẹ tán ni a ń tò sí etí ọ̀nà kan náà, kí ọkọ̀ má baà já sí kòtò.